Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Àgbà Kò Rẹ̀ Sílẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi Bàbá Àgbà tọ́ mi dàgbà. Mo fẹ́ kí ọpẹ́ yìí ṣáájú, nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e kò ní fi bẹ́ẹ̀ jọ ọpẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n ni àwọn ará ìjọ ti ń sọ pé kí n kọ ìtàn ayé wọn: ibi tí wọ́n bí wọn sí, ipò tí wọ́n dé nínú ìjọ, iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọwọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àti kẹ̀kẹ́ pupa kan tí ìjókòó rẹ̀ ga jù fún mi.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo Aládé, àdúgbò wa ní Idanre, mọ̀ wọ́n sí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni mò ń sọ. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ni, pàápàá irú èyí tí táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá, tí àwọn òyìnbó ṣe láti fi gun òkè. Inú ẹrù tòkunbọ̀ ló ti ń wá. Bí ó bá dé tán, tí kò sẹ́ni tó rà á, àwọn oníirin àlòkù á fẹ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń gbà á sílẹ̀. Férémù irin ti àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á ha gbogbo ibi tó ti dípẹtà, wọ́n á wá kó nǹkan òde òní sí i lára: ọwọ́ tó fẹ̀, táyà tó nípọn, gíà tó lè gun òkè Idanre láìjẹ́ kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé ṣé tuntun ni àbí àlòkù, wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Egungun rẹ̀ ti àgbà ni," wọ́n á ní, "aṣọ rẹ̀ ti ọmọdé."

Ọ̀nà iṣẹ́ wọn kan wà tí mi ò tíì rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí o bá gbé kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á ní kí o gùn ún lójú kan náà, kí ẹnì kan dì í mú fún ọ, kí o na ẹsẹ̀ rẹ dé pẹ́dà. Wọ́n á máa gbé ìjókòó sókè, wọ́n á máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí yóò fi bá ọ mu. Nígbà náà ni wọ́n á gé ọ̀pá ọparun kan tó gùn láti orí pẹ́dà dé orí ìjókòó, wọ́n á fi irin gbígbóná kọ orúkọ rẹ sí i lára. Láti ọjọ́ náà, bí o bá tilẹ̀ rán ẹlòmíràn gbé kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa fi ìjókòó rẹ sí. Igun ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún ọ̀pá. Màmá, ìyàwó wọn, ń wo ọ̀pá wọ̀nyẹn bí ẹni ń wo igi ìdáná tó ń ṣòfò. Lọ́jọ́ kan Màmá fa ọ̀kan yọ.

"Ti ta nìyí? Ọkùnrin yìí ti kó lọ sí Ofosu látijọ́. Jẹ́ kí n fi dáná."

"Ìyá Fẹ́mi, dá a padà."

"Kò sí níbí mọ́, mo ní!"

"Òun kò sí níbí," Bàbá dáhùn, "ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ wà níbí."

Ẹ má jẹ́ kí n ṣe wọ́n ní ẹni mímọ́. Wọ́n lágídí. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà wa, wọn kì í fọwọ́ kan sípánà ní ọjọ́ Ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n gbé ọwọ́ lé táyà iwájú gbàdúrà. Síbẹ̀ wọ́n bá alàgbà ẹgbẹ́ wọn kan jà ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run gan-an. Ọkùnrin náà fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́ Ọ̀pẹ, Bàbá sì ní búréèkì rẹ̀ kò tíì dá òun lójú.

"Ẹ jẹ́ kó máa gùn ún lọ, Bàbá. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dájúdájú," ni wọ́n wí, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, "ṣùgbọ́n kì í ṣe Òun ló máa tẹ búréèkì."

Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Túndé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni láti Àkúrẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn òkúta wa nígbà tí ìjọba bá fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi. Túndé ló kọ́kọ́ mú búréèkì onípáánù róbótó wá sí ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ń di àárín táyà mú dípò etí rẹ̀. Bàbá kò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ní ohun tí kò bá ní rọ́bà kì í ṣe búréèkì. Ọmọ náà rọra ń ṣàlàyé, wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó yá Túndé ní, "Bàbá, ẹ gùn ún wò ná. Bí kò bá dáa, ẹ sọ ọ́ sínú igbó." Wọ́n gùn ún gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí òjò ti fọ ilẹ̀ dànù kan òkúta. A gbọ́ tí táyà dún lẹ́ẹ̀kan, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Màmá sáré jáde. A bá Bàbá tí wọ́n dúró gbọnin lórí kẹ̀kẹ́ ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Wọ́n tì í gòkè padà, wọ́n fà á lé Túndé lọ́wọ́. "Mo ti bá ọ jà lásán. Jókòó, kí o kọ́ mi."

Ṣùgbọ́n èyí tí Màmá fẹ́ràn láti máa sọ ni ìjà ìkòkò. Ọṣẹ dúdú ni Màmá ń ṣe. Wọ́n á sun èèpo kókó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sè é títí yóò fi le débi pé ó lè bó ọwọ́ èèyàn. Ọmọ Idanre ni Màmá. Ẹ̀yìn Ìkìrun ni Bàbá ti wá ṣe alágbàṣe nínú oko kókó nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, kí wọ́n tó fi oko sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. "Ìwọ" ni Màmá ń pe ọkọ wọn láìsí wàhálà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí, Bàbá á sì máa ṣe bí ẹni tí ó dùn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ṣú nígbà tí Màmá wà lóko. Bàbá fẹ́ ṣoore. Wọ́n sáré da omi eérú tó wà níta sínú ìkòkò funfun fífúyẹ́ kan, wọ́n gbé e wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti jò tán sílẹ̀, ìdí ìkòkò ti lu.

"Ẹ gbà mí o!" Màmá pariwo. "Ìkòkò ìyá mi! Àlejò Ìkìrun yìí ti fi ìkòkò ìyá mi ṣe asẹ́! Ta ni kò mọ̀ pé ìkòkò irin tàbí ti amọ̀ là ń da omi eérú sí?"

Bàbá kò gbọ́ ohun tó ń lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ti ìka bọ inú ihò náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn wọn. Irin ni férémù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n páìpù tó gbé ìjókòó rẹ̀ dúró máa ń jẹ́ irin funfun fífúyẹ́ bíi ti ìkòkò. Bí òjò àti òógùn bá ti wọ àárín wọn fún ìgbà pípẹ́, páìpù náà á lẹ̀ mọ́ inú férémù. Òòlù kò lè yọ ọ́. Iná á ba férémù jẹ́. Àìmọye kẹ̀kẹ́ rere ni wọ́n ti gbé jù nù nítorí rẹ̀.

"Ìyá Fẹ́mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ohun tó jẹ ìkòkò yìí á jẹ páìpù ìjókòó."

"Á jẹ ìwọ náà!" ni Màmá fi dáhùn.

Láti ìgbà náà ni omi eérú ti di irinṣẹ́. Wọ́n á dojú kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n á tú ibi tí pẹ́dà gbà kọjá, wọ́n á rọra rọ ọ́ síbẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ bá páìpù tó ti lẹ̀ náà. Á máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó máa ń gba ọjọ́, nígbà mìíràn ó máa ń gbà ju ọ̀sẹ̀ lọ, a ó sì máa pààrọ̀ omi náà. Kì í fọwọ́ kan irin, ṣùgbọ́n páìpù funfun á yọ́ tán, á di omi dúdú. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá ń kánjú, Bàbá á ní, "Má fipá mú un. Ó ń bọ̀."

Mo wá dé ibi kẹ̀kẹ́ pupa.

Fẹ́mi tí Bàbá fi ń pe Màmá ní Ìyá Fẹ́mi ni bàbá mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni. Bàbá mi ga. Ohun tí mo rántí nípa wọn kò pọ̀, àfi bí wọ́n ṣe máa ń tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé, àti bí wọ́n ṣe ń gbé mi jókòó sórí irin àárín kẹ̀kẹ́ pupa náà nígbà tí wọ́n bá ń ti oko Atosin bọ̀. Bàbá Àgbà ló tún un ṣe fún wọn. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú bàbá mi lọ. Ìyá mi lọ ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, èmi sì dúró lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá. Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ náà kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó gùn ún mọ́. Páìpù ìjókòó rẹ̀ lẹ̀ pa síbi tí ọwọ́ bàbá mi fi í sí kẹ́yìn.

Túndé rí i. Ó ní irú férémù yẹn ṣọ̀wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n tà á fún òun. "Ẹni tó ni ín," Bàbá ní, "kò tíì ní kí n tà á."

Èmi ni mo wá lọ béèrè rẹ̀ níkẹyìn. Mo ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, mo sì ń wo bí Túndé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gba ọ̀nà oko lọ sí Atosin. Ó wù mí láti bá wọn lọ.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ Dádì ni mo fẹ́ gùn."

Wọ́n ń ha ṣéènì. Wọn ò gbé ojú sókè.

"Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kan pẹ́dà, Ìbùkún."

"Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n gbé ṣéènì náà sílẹ̀. "Mo gbọ́."

Mi ò rí wọn kí wọ́n fara balẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n yọ gíà iwájú, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀, wọ́n fi èyí tó fẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n wá fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, irú èyí tó lè gba búréèkì Túndé, wọ́n fi táyà tó nípọn sí i. Wọn ò kùn ún. Ibi tí orúnkún bàbá mi ti ha ọ̀dà pupa náà dànù, wọ́n fi epo nù ún, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ parí, ó ku ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

"O ti ṣe é tán," Màmá ní. "Omi eérú wà nílé. Kí lo ń dúró dè?"

"Mo mọ̀ pé ó wà."

"Àbí ìjókòó lásán ń bà ọ́ lẹ́rù ni, Baba Fẹ́mi?"

Èmi ni wọ́n dá lóhùn, nígbà tí ó ku àwa méjì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìjókòó náà bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lé táyà láti gbàdúrà. "Bí mo bá da nǹkan yẹn sí i," wọ́n ní, "mi ò lè dá a padà mọ́."

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, wọ́n ní kí Màmá sẹ́ omi eérú tó le dáadáa, pé ní ọjọ́ Ajé àwọn á ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé náà wọ́n ṣáájú wa jí. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn, mo bá wọn nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àdá wà nílẹ̀. Ọparun tútù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni ó ráyè wo ọparun? Bàbá ni a gbé.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní ká máa mú wọn lọ sílé. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, ó ku ohùn kan ṣoṣo tí kò ní ìtumọ̀. Ọwọ́ òsì ló ṣẹ́kù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi í nà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

A ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Màmá á gbé omi wá, wọ́n á yí ojú. A ó gbé Bíbélì wá, wọ́n á fi ọwọ́ kàn án tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á tún na ọwọ́. A gbé wọn jókòó síta, kì í ṣe ìyẹn. Arábìnrin kan nínú ìjọ wá kí wọn, ó ní áńgẹ́lì ni wọ́n ń rí.

"Áńgẹ́lì wo," Màmá ní, "ló ń gbé inú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́?"

Mo yí kẹ̀kẹ́ pupa náà wọ yàrá. Ojú wọn là. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìjókòó, wọ́n rọra fà á wá sísàlẹ̀ dé pẹ́dà, wọ́n tún gbé e padà sórí ìjókòó. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n da omi eérú sí i?"

Wọ́n mi orí pé rárá.

"Ṣé kí n má dà á sí i mọ́ ni?"

Wọ́n tún mi orí pé rárá. Wọ́n tún fa ọwọ́ láti ìjókòó dé pẹ́dà, láti pẹ́dà dé ìjókòó, títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Omijé bọ́ lójú tèmi náà. Olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ mi ni láti gbọ́ ohun tí ọmọ kékeré kò mọ bí yóò ṣe sọ. Ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ jókòó níwájú mi, mi ò gbọ́ ọ̀kan.

A gbàdúrà. Àwọn alàgbà wá pẹ̀lú omi ìyàsímímọ́ àti àbẹ́là, a kọrin yí ibùsùn wọn ká. Mo gbààwẹ̀. Mo gbàgbọ́ nígbà náà, mo ṣì gbàgbọ́ lónìí. N kò bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Ohun tí mo bẹ̀ Ẹ fún kò tilẹ̀ pọ̀: kí Ó dá ọ̀rọ̀ kan padà sí wọn lẹ́nu, ẹyọ kan péré. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òòrùn mú ni wọ́n lọ, nígbà tí Màmá ń fọ ẹsẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn wá ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn. Túndé wá láti Àkúrẹ́ láti bá wa tú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mò ń ka orúkọ tó wà lára àwọn ọ̀pá, kí a lè fún oníkálukú ní tirẹ̀. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí mo ka èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ní:

"Ti Fẹ́mi dà?"

Mo wá a. Kò sí. Inú ilé kan náà ni bàbá mi ń gbé pẹ̀lú wọn, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa gé ọ̀pá fún ọmọ wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀pá. Gíga rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé. Mo wo ilẹ̀. Ọparun tí a bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ Ajé yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì níbi tí ẹnì kan ta á nípàá sí. Ó ti gbẹ. Mo rí ọwọ́ òsì wọn tó ń ti orí ìjókòó bọ̀ wá sórí pẹ́dà.

"Màmá," mo ní, "ọ̀pá ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ gé ọ̀pá."

Màmá wò mí. Wọ́n wo ọparun náà.

"Ọ̀pá lásán," wọ́n ní. "Ó nawọ́ títí agbára fi tán. Ọ̀pá lásán, Ìbùkún, a kò fún un."

Mo rò pé ohun tí Bàbá ń fi ọwọ́ wí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí mo lè bi mọ́.

Túndé di kẹ̀kẹ́ mú, mo fi ọparun náà wọ̀n ọ́n láti pẹ́dà dé ìjókòó, mo gé e. Mo fi irin gbígbóná kọ FẸ́MI sí i. Ó wọ́. Màmá gbà á, wọ́n dìde, wọ́n gbé e nàró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sì wo ibi tó dé. Nígbà tó ṣe, wọ́n wọlé lọ gbé omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

"Dà á," wọ́n ní.

"Mi ò lè dà á, Màmá."

"Èmi náà ò lè dà á."

A jọ di ìkòkò amọ̀ náà mú. A rọra rọ ọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tí Túndé ti dojú rẹ̀ dé. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò sí ohun tó kù fún wa láti ṣe. A jókòó sílẹ̀, a ń gbọ́ bí ó ṣe ń jẹ ibi tí bàbá mi fi ìjókòó sí, díẹ̀díẹ̀, Màmá sì gbá ọ̀pá náà mọ́ àyà.